Àṣẹ Orí Rédíò Níbi Iná Ilé: Irú Ọ̀rọ̀-Ìperí Tí Ó Yẹ Iṣẹ́ Panápaná

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1988, iná sọ nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tí wọ́n sì ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìlú Hackensack, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òkè àjà ni iná náà ti ń jó, lábẹ́ òrùlé fífẹ̀ kan tí a fi igi tẹ̀ bí ọrun, níbi tí wọ́n kó ẹrù pa mọ́ sí. Àwọn panápaná wà nísàlẹ̀, wọ́n ń fi họ́ọ̀sì yin omi sókè. Nígbà tí ọ̀gá tí ó wà níta rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i, ó pàṣẹ lórí rédíò pé kí wọ́n fa họ́ọ̀sì wọn bọ̀ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó dáhùn pé òun gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òrùlé wó. Panápaná mẹ́ta kú lábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjì sá wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, wọ́n sì ń fi rédíò kígbe pé kí a wá gba àwọn. Ariwo pọ̀ lórí ìkànnì tí gbogbo ènìyàn jùmọ̀ ń lò, ìpè wọn kò sì rí ìdáhùn ní àkókò tí ó yẹ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé pọ̀n tán kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn márààrún ni ó kú.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí iná yẹn, rédíò àti ìkànnì ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà, wọn kò sì ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ó kan àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí. Àṣẹ pé kí a fa họ́ọ̀sì bọ̀ sẹ́yìn jẹ́ àṣẹ ìpadàsẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mú irinṣẹ́ rẹ̀ dání, yóò sì máa fẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Àṣẹ náà kò ní kí ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sá. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀rọ̀ mìíràn ìbá gba àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn là, nítorí kò dájú pé wọ́n tilẹ̀ gbọ́ èyí tí a sọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ panápaná ní Amẹ́ríkà lónìí ni ó ya àṣẹ méjèèjì sọ́tọ̀ gédégédé: ọ̀kan fún ìpadàsẹ́yìn pẹ̀lú irinṣẹ́, èkejì fún sísá àsálà. Wọ́n a sì máa fun fèrè ọkọ̀ wọn tẹ̀ lé èkejì yìí, kí ẹni tí rédíò rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lè gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè àti atúmọ̀ èdè bi ara wọn nìyí: bí a bá gbé iṣẹ́ yìí wá sínú èdè Yorùbá, ǹjẹ́ irú ọ̀rọ̀-ìperí tí a ti ń ṣẹ̀dá fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣe é? Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò lè ṣe é, àti pé bí a kò bá tètè mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń pàṣẹ, a ó tẹ ìwé tí ó dára lójú, tí yóò sì pani lẹ́nu iṣẹ́.

Ètò ìdarí tí a mọ̀ mọ àwọn panápaná òde òní kò ti inú iná ilé wá. Iná igbó ni ó bí i. Ní ọdún 1970, iná jó ní gúúsù California fún ọjọ́ 13. Ènìyàn 16 kú, nǹkan bí ilé 700 sì jóná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí i pé kì í ṣe àìsí omi tàbí àìsí ọkọ̀ nìkan ni ó fa òfò náà. Àwọn panápaná ìpínlẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìlú ńlá àti ti ìlú kékeré ni ó jọ wà lójú iná, olúkúlùkù sì mú ọ̀gá tirẹ̀, ìkànnì tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá. Ohun tí àwọn kan ń pè ní táńkà jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé omi. Lẹ́nu àwọn mìíràn, ọkọ̀ òfuurufú tí ń da omi sílẹ̀ láti òkè ni. Ẹni tí ó bá béèrè fún táńkà mẹ́ta kò mọ èyí tí yóò rí gbà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, nọ́ńbà kan náà sì ní ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti tún ètò náà ṣe, ètò tí a sọ ní FIRESCOPE, ohun tí ó wà lára ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìperí àjùmọ̀lò. Wọ́n pinnu pé ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni yóò máa jẹ́ táńkà, wọ́n sì fún ọkọ̀ olómi ní orúkọ mìíràn. Wọ́n pinnu pé ọ̀rọ̀ geere ni a ó máa sọ lórí rédíò dípò nọ́ńbà. Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti so owó ìrànwọ́ mọ́ ọn pé, níbikíbi tí ilé iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ geere ni kí wọ́n lò. Ìyókù ètò náà rọrùn láti sọ: aláṣẹ kan ṣoṣo níbi iná kan, ẹnikẹ́ni kì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹni méjì, olórí kan kì í mójú tó ju ènìyàn mẹ́ta sí méje lọ, márùn-ún ni ó sì dára jù. Àwọn panápaná ìlú wá mú un bá iná ilé mu. Alan Brunacini, tí ó jẹ́ ọ̀gá panápaná ní ìlú Phoenix, kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1985, Fire Command ni orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ panápaná ni ó sì tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn ni a pè sí iṣẹ́ yìí. Àwọn panápaná fúnra wọn ni ó jókòó pinnu ohun tí táńkà jẹ́. Wọn kò bi ara wọn léèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn, tàbí bóyá ó bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí yóò gbọ́ ọ ní ọ̀nà kan náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 tún fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn hàn. Panápaná 343 ni ó kú lọ́jọ́ náà. Ilé gogoro ti gúúsù wó ní agogo 9:59. Ti àríwá wó ní agogo 10:28. Ìṣẹ́jú 29 ni ó wà láàárín méjèèjì. Láàárín àkókò yẹn, àwọn ọ̀gá panápaná pàṣẹ lórí rédíò pé kí àwọn tí ó wà nínú ilé ti àríwá jáde. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan kò gbọ́, nítorí rédíò kò ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilé gíga bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ṣe àkíyèsí kan tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè kà: àwọn àṣẹ náà kò tẹ̀ lé ìlànà tí ó wà nílẹ̀ fún ilé tí ó fẹ́ wó, èyí tí í ṣe pé kí a máa tún ìpè «Mayday» pè léraléra, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì sọ pé ilé kejì ti wó. Ẹni tí ó gbọ́ pé kí òun jáde nínú ilé tí ó ń jó, tí kò sì mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, lè rò pé òun ṣì ní àyè láti sinmi lórí àtẹ̀gùn. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni gbogbo èyí kan èdè Yorùbá. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti jẹ́ èdè àwọn panápaná láti ìgbà tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá ní Èkó ní ọdún 1901. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé NECOM jó ní Èkó ní ọdún 1983, Ilé Kòkó jó ní Ìbàdàn ní ọdún 1985, àwọn ilé méjèèjì sì dúró sí àárín ìlú tí Yorùbá ni èdè ìta rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́jà tí wọ́n wà nísàlẹ̀, ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ó mọ̀ pé ìyá arúgbó kan ṣì kù sínú yàrá, Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn yóò fi sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ 767 tàbí 112 ní Èkó lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹni tí ó gbà á yóò tú u sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó gbé e lé panápaná lọ́wọ́, panápaná náà yóò sì tún un tú sí Yorùbá nígbà tí ó bá dé ojú iná. Ìtumọ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí atúmọ̀ kankan tí ó jókòó síbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ènìyàn a máa kígbe ní èdè ìyá rẹ̀ nígbà tí èéfín bá bò ó.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá kò fi ọwọ́ lẹ́rán láti ìgbà pípẹ́ wá. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 fún olùkọ́ ní ohun tí ó lè fi sọ̀rọ̀ nípa èdè náà fúnra rẹ̀. Ìlànà àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí dára fún ohun tí a ṣe wọ́n fún. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni níláti ṣí ìtumọ̀ ara rẹ̀ payá: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ «ọ̀rọ̀-orúkọ» ti mọ ìdajì ohun tí ó jẹ́. Ó lè gùn díẹ̀, olùkọ́ yóò tún un sọ, a ó kọ ọ́ sójú pátákó, àmì ohùn yóò sì wà lórí rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú àǹfààní wọ̀nyí lẹ́nu rédíò. Bí a bá fún ìgbìmọ̀ kan ní iṣẹ́ láti wá orúkọ fún ẹni tí ń darí iṣẹ́ lójú iná, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan ronú kí wọ́n sì mú «olùdarí àgbà iṣẹ́ ìdóòlà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì» jáde. Kí ènìyàn tó pè é tán, òrùlé ti wó.

Àwọn mìíràn yóò dábàá «Balógun», ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n oyè ni Balógun, ẹni tí a bá fi jẹ ẹ́ kì í gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Níbi iná, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó gba àṣẹ, ìbáà jẹ́ ọmọdé. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá dé, yóò rò fún un, ọ̀gá yóò sì gbà á, gbogbo ènìyàn yóò sì gbọ́ ọ lórí rédíò pé àṣẹ ti bọ́ sí ọwọ́ mìíràn. «Aláṣẹ» tó fún èyí. Ó kúrú, ó yé ọmọdé, a sì lè fi orúkọ ibi tí iná wà kún un: Aláṣẹ Dùgbẹ̀, Aláṣẹ Ìdúmọ̀tà. Èyí kò le rárá. Ibi tí ó le ni àṣẹ fúnra rẹ̀.

Ohun méjì ni ó ń ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ lórí rédíò panápaná. Èkíní ni pé ìbòjú tí wọ́n fi ń mí afẹ́fẹ́ a máa bo ètè, rédíò a sì máa gé apá kan lára ohùn: àwọn kọ́ńsónáǹtì bí f àti s a di ọ̀kan náà. Èkejì kan ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ kì í sábà gbé ohùn tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kò tó nǹkan bí 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin kò tó bẹ́ẹ̀. Etí ṣì lè fi ìyókù mọ ohùn tí ó sọnù, ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń yé ènìyàn lórí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kígbe, tí ń mí gúlegúle, tí ẹ̀rọ omi sì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í pa ìyàtọ̀ ohùn mọ́ bí ẹni tí ó jókòó nínú ilé. Ohùn rẹ̀ gbogbo a lọ sókè.

Wàyí o, kí òǹkàwé gbé àwọn àṣẹ mẹ́ta yìí yẹ̀ wò: «Ẹ wọlé», «Ẹ wolé», «Ẹ wólé». Èkíní ní kí wọ́n bọ́ sínú ilé. Èkejì ní kí wọ́n yẹ ilé wò, bí àwọn wolé-wolé ti í ṣe. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n bì í lulẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni aláṣẹ lè pa lójú iná kan náà láàárín wákàtí kan. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ìlàsí ẹnu díẹ̀ lórí fáwẹ̀lì kan àti ohùn òkè kan lọ.

Èyí tí ó burú jù kò sí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Inú gírámà ni ó wà, kò sì sí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí tí yóò rí i bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni ó ń wá. «Ẹ máa jáde» jẹ́ àṣẹ pé kí wọ́n jáde. «Ẹ má jáde» jẹ́ àṣẹ pé kí wọ́n má kúrò níbi tí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni «Ẹ máa bọ̀» àti «Ẹ má bọ̀». Àṣẹ méjì tí ó tako ara wọn pátápátá ni èyí, gígùn fáwẹ̀lì kan ni ó sì ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Nínú ilé, ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ a ti sọ èyí tí ó ní lọ́kàn. Lórí rédíò kò sí ojú, kò sí ọwọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó ń rò ó pé ewu wà nínú «máa» àti «má», nítorí láti ìgbà èwe ni ó ti ń lò wọ́n láìṣì wọ́n.

Àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn tó bí ènìyàn ti lè rò. Bí a bá ní kí wọ́n lo «kò gbọdọ̀», «Ẹ kò gbọdọ̀ jáde» a di «Ẹ ò gbọdọ̀ jáde» lẹ́nu ẹni tí ń yára, èyí kò sì jìnnà sí «Ẹ gbọ́dọ̀ jáde». Ẹnìkan lè dábàá «èèwọ̀», pé ọ̀rọ̀ tí ó ní agbára ni, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ó pè é, lẹ́yìn náà kí ó pe «Ẹ wọ ọ́» ní ọ̀nà kan náà. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kan náà sì ni. Ọ̀rọ̀ tí ó dára jù lórí ìwé ni ó ṣubú yìí.

Ọ̀nà tí ó kù ni pé kí a má fi gírámà kọ ohunkóhun lórí rédíò rárá: kí a yan ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn fún ohun tí a bá fẹ́ kọ̀. Ẹni tí kò yẹ kí ó wọlé, kí a sọ fún un pé «Ẹ dúró síta». Ẹni tí kò yẹ kí ó jáde, «Ẹ jókòó síbẹ̀». Kí «máa» àti «má» má sì sí lẹ́nu aláṣẹ láti ìgbà tí ó bá ti tẹ rédíò. Fún ìpadàsẹ́yìn pẹ̀lú irinṣẹ́, «Ẹ kẹ́rù sẹ́yìn» lè ṣe é. Fún sísá àsálà, «Ẹ sá àsálà, ilé ń wó», kí a pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ìdí sì máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní New York.

Àwọn onílù ti mọ èyí tipẹ́. Gángan kò ní kọ́ńsónáǹtì, ohùn nìkan ni ó ní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá fọ̀ sì lè ní ìtumọ̀ mẹ́wàá. Nítorí náà onílù kì í dá ọ̀rọ̀ kan fọ̀. Gbólóhùn tí etí ti mọ̀, oríkì tàbí òwe, ni ó ń lù, gígùn rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ kí ó yé ni. Ìṣòro panápaná kò jìnnà sí ti onílù, àní ó tún le díẹ̀ jù ú lọ, nítorí kọ́ńsónáǹtì àti ohùn ni ó ń sọnù lọ́wọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan kò tó. Gbólóhùn kúkúrú tí a ti há sórí, tí kì í yí padà, ni a ń wá, ẹni tí a sì pàṣẹ fún gbọ́dọ̀ tún un sọ padà kí ó tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ nípa ìhà ilé náà gba àròjinlẹ̀. Àwọn panápaná Amẹ́ríkà pe iwájú ilé ní A, wọ́n sì yí ilé po bí ọwọ́ aago: òsì ẹni tí ó kọjú sí ilé ni B, ẹ̀yìn ni C, ọ̀tún ni D. Wọ́n yẹra fún «ọ̀tún» àti «òsì» lásán nítorí pé ọ̀tún ẹni tí ń wọlé ni òsì ẹni tí ń jáde. Àwa Yorùbá kò lè mú lẹ́tà wọn bẹ́ẹ̀, nítorí «bí» àti «dí» jọra jù. Àwọn náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń pè é ní Alpha, Bravo, Charlie àti Delta. Bí a bá sì lo «ẹ̀yìn», aláṣẹ tí ó bá pe àwọn tí ó wà lẹ́yìn ilé lè dà bí ẹni tí ń sọ pé «ẹ̀yin», gbogbo ènìyàn yóò sì dáhùn. «Ẹ̀yìnkùlé» kò ní ìṣòro yìí, «ojúlé» sì ti wà lẹ́nu gbogbo ará ìlú fún iwájú ilé tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Méjì nínú mẹ́rin ti wà nílẹ̀. Fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orúkọ òpópónà tàbí ilé tí ó súnmọ́ wọn lè dára ju ọ̀tún àti òsì lọ, bí panápaná bá fara mọ́ ọn.

«Àjà» náà nìyí. Yorùbá a máa pe ohun tí ó bo yàrá lókè ní àjà, a sì tún máa sọ pé ilé alájà mẹ́ta. Bí ẹnìkan bá kígbe pé iná ti dé àjà, ṣé ó ti wọ abẹ́ òrùlé ni, tàbí ó ti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ní Hackensack, òkè àjà ni ikú wà. Kí àjà dúró fún ti òkè yàrá nìkan lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí a sì fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà ka ìyókù.

Ó ku ìpè ìdààmú. Àwọn kan yóò fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá dípò «Mayday», wọn yóò sì pe ẹni tí ó bá kọ̀ ní ẹni tí kò fẹ́ràn èdè rẹ̀. Kí wọ́n wo ìtàn ọ̀rọ̀ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni Frederick Mockford, òṣìṣẹ́ rédíò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Croydon nítòsí London, dá a lábàá. Àwọn ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín Croydon àti Paris ni ó pọ̀ jù nígbà náà, ó sì mú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí «ẹ ràn mí lọ́wọ́», ó pè é bí etí Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ. Àwọn lẹ́tà S O S wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà S kì í gbọ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi wá òmíràn. Ní ọdún 1927 ni àdéhùn àgbáyé fi ọwọ́ sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn púpọ̀ ni ó yá ti Faransé nítorí pé ó ṣeé gbọ́. Bí Yorùbá náà bá yá a, tí a sì kọ ọ́ ní «Méédè», kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ Yorùbá ni ohun tí ó tẹ̀ lé e: ibi tí mo wà, orúkọ mi, iye afẹ́fẹ́ tí ó kù, ohun tí ó dè mí mọ́lẹ̀.

Gbogbo àbá wọ̀nyí, títí kan «Aláṣẹ» àti «Ẹ kẹ́rù sẹ́yìn», lè ṣubú lọ́la. Ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n tètè ṣubú ni pé títí di ìsinsìnyí, ọ̀nà tí a fi ń dán ọ̀rọ̀-ìperí wò ni pé kí àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́wàá jókòó yí tábìlì ká, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Fún iṣẹ́ yìí, ibùdó panápaná ni ó yẹ kí tábìlì náà wà. Kí a kó àwọn àṣẹ jọ, kí ẹnìkan wọ ìbòjú kí ó sì pè wọ́n lórí wọ́kì-tọ́kì nígbà tí ẹ̀rọ omi ń ṣiṣẹ́, kí àwọn mìíràn tí kò rí i kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Kí ẹni tí ń pè é má jẹ́ ará Ọ̀yọ́ nìkan. Kí ará Èkìtì àti ará Ìjẹ̀ṣà tí ń sọ pé «ulé» wà níbẹ̀, kí ará Ìjẹ̀bú àti ará Oǹdó wà níbẹ̀, kí a sì mú ẹnìkan tí Yorùbá kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀ kún wọn, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lára àwọn panápaná Èkó. Èyí tí wọ́n bá gbọ́ bákan náà ni kí a kọ sínú ìwé, kí a sì kọ àwọn tí ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí a ṣì wọ́n gbọ́ sí.